Ẹni tí Kúnbi Mú Jókòó Tira

Iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá rán Kúnbi lọ sí abúlé kan ní Kwali. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bímọ sílé, nígbà tí ilé ìwòsàn wà nítòsí. Kò gbọ́ èdè Gbágyì. Ta ló wá fi ṣe ògbufọ̀? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà gan-an. Ẹ ò rí nǹkan: wọ́n fi ológbò ṣe ògbufọ̀ fún eku.

"Nọ́ọ̀sì dáa. Wọ́n ń tọ́jú wa." Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí nìyẹn, òun náà ni gbogbo wọn wí. Inú Kúnbi ń dùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe fẹ́ wọkọ̀, aláboyún kan tẹ̀ lé e. Hàbíbátù ni, ọmọ Kàbà tó fẹ́ ará abúlé náà.

"Àǹtí, mo gbọ́ tí ẹ ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Ṣé ojú yín ríran dáadáa?"

Kúnbi rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé?"

"Obìnrin tó ń gbá wa létí bí a bá ń rọbí lẹ mú jókòó tira yín, ẹ wá ń bi wá bóyá ó dáa. Kí lẹ fẹ́ ká wí? Oṣù mi ti pé. Ilé ni màá bí i sí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Kúnbi.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀: èmi ni mo mú ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù wá, ìbẹ̀rù ló dá mi lóhùn. Babalọlá ọ̀gá rẹ̀ kà á, ó bọ́ awò ojú.

"Ta ló bi ọ́ nípa ara ẹ? Àwọn obìnrin là ń wádìí."

"Ọ̀gá, bí mi ò bá wádìí ara mi, irọ́ la kó wálé."

"Ìjẹ́rìí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Yọ ọ́."

"Mi ò yọ ọ́. Ẹ jẹ́ n padà lọ pẹ̀lú ògbufọ̀ mìíràn."

"Mọ́tò ta lo fẹ́ gbé lọ?"

Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ ní Sátidé. Ilé Hàbíbátù ló kọ́kọ́ yà sí. Yínúsà ọkọ rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá díẹ̀ tó kọ́ lẹ́nu ìyàwó ló fi dá a lóhùn.

"Ilé ló bí i sí. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. A ti sin òun àti ọmọ."

"Ṣé nítorí nọ́ọ̀sì ni kò ṣe lọ sílé ìwòsàn?" Kúnbi bi í.

Yínúsà wo ẹ̀yìn Kúnbi, ó wo ojú ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì dáa. Wọ́n ń tọ́jú wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ni mo wá."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ mú un wá níjọ́sí."