Ìlà Àkọ́kọ́ Ìyá Alábẹ́rẹ́

Ọmọ ló ń sọ àgbà di akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Alábẹ́rẹ́, aránṣọ àdúgbò, bí sáyé ń bẹ lókè òkun, ó ti lóyún, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá gbé lọ́dọ̀ òun. Àwọn tó ń fúnni níwèé ìrìnnà ní àfi kó yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fìdí rẹmi tẹ́lẹ̀; wọ́n ní èyí tó ń bọ̀ yìí lòpin.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínrọ̀ kíkọ ló ń dà á láàmú.

“Ìyá, kókó ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ,” Tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì a máa bẹ̀ ẹ́, ẹfun ìkọ̀wé a sì kán mọ́ ọn lọ́wọ́. “Àwọn gbólóhùn yòókù á máa tì í lẹ́yìn.”

“Tíṣà, ṣé èèyàn lè wọlé onílé, kó má kí i, kó wá ju ọ̀rọ̀ lù ú bí òkò?”

Onígbàjámọ̀ kan tóun náà ń kẹ́kọ̀ọ́, tó jókòó lẹ́yìn, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Alábẹ́rẹ́, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń wọ ẹ̀wù ni?”

“Ìwọ ńkọ́? Tó o bá ń gẹrun, àárín orí lo ti ń bẹ̀rẹ̀?”

“Rárá o, ìdí etí ni.”

“O ò rí i? Ẹ̀bá la ti ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àfi Tíṣà.

Síbẹ̀, ó gbìyànjú. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa kọ ọ́ sára bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ: Ẹ̀rọ mi ti gbó. Ọjà wa tóbi. Kókó ń ṣáájú. Tíṣà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nírètí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìbéèrè ní: Kọ ìpínrọ̀ kan nípa ọjọ́ tó burú jù lọ láyé rẹ.

Ó mọ ọjọ́ náà. Ó mọ kókó ọ̀rọ̀ pẹ̀lú: ọkọ mi kú. Ó gbé bírò lé ìwé, ọwọ́ kọ̀. Ta ló ń túfọ̀ báyẹn? Àwọn ọkùnrin tó wá sọ fún un lọ́jọ́ náà, ṣebí wọ́n kọ́kọ́ kí i. Wọ́n yin aṣọ tó ń rán. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ bu omi wá, wọn ò sì mu ún.

Ló bá kọ ọ́ pé ojúmọ́ mọ́. Ó kọ oòrùn, ó kọ aṣọ, ó kọ ife omi. Nígbà tí aago dún, ọkọ rẹ̀ kò tíì kú lórí ìwé náà.

Èsì jáde. Tíṣà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

“Ìyá, kí lẹ kọ sí ìlà àkọ́kọ́?”

“Mo ní ojúmọ́ mọ́.”



Nígbà tí Ìyá Alábẹ́rẹ́ délé, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé oyún ò yọ ẹ́ lẹ́nu?”

“A wà dáadáa, Màmá. Èsì ìdánwò ńkọ́?”

“Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ṣé o ti mumi láàárọ̀ yìí?”

Ọwọ́ ọmọ yìí ló gbé ife omi ọjọ́sí. Kókó ọ̀rọ̀ ò tíì jáde lẹ́nu ìyá tó fi gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ láti òkè òkun.