Àwọ̀ Àwọn Àgbà

Bí ẹ bá ti ń fura pé Àlíù Akínbíyìí ti ń pe ara rẹ̀ ní àgbà ayàwòrán kí ó tó parí àwòrán kan ṣoṣo, ẹ kò ṣìnà. Lọ́dún 1984, ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì, ó ti lọ ra fìlà pẹlẹbẹ bíi ti ayàwòrán inú fíìmù ní Dùgbẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ó dúró ní pálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà, ó na búrọ́ọ̀ṣì síwájú bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Hàrúnà ló ń retí, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ya ojú ènìyàn. Hàrúnà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le: ẹni tí kò bá tíì wo iṣẹ́ àgbà ayàwòrán kan, kí ó yà á gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, kò gbọdọ̀ ya alààyè.

Ìyá arúgbó òyìnbó kan ni Akínbíyìí mú, tí wọ́n ti yà láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ara kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi kọ́ sílé ìdáná ló ti rí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi yà á. Láti ọjọ́ tó ti já kàlẹ́ńdà náà lára ògiri, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mùtíátù ìyàwó rẹ̀ ti wé gèlè, ó ti jókòó láti aago mẹ́jọ. Ọkọ ti ṣèlérí pé ojú rẹ̀ ni ojú alààyè àkọ́kọ́ tí òun yóò yà.

"Bàbá Bàdírátù, ẹ jókòó ná. Ọrùn ti ń dùn mí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Ayàwòrán kì í jókòó."

Hàrúnà wọlé, ó kí wọn, ó wo àwòrán náà títí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ojú yìí ń wò mí lóòótọ́." Mùtíátù na ọrùn. Hàrúnà nawọ́ sí ọrùn aṣọ arúgbó náà. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kọ́là rẹ̀ rí rúsúrúsú báyìí?"

Akínbíyìí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ń dúró de ìbéèrè yẹn.

"Àṣírí àwọn àgbà nìyẹn. Ọ̀dà mẹ́rin ni mo pò pọ̀ kí n tó rí i. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀."

Hàrúnà gbé kàlẹ́ńdà náà lọ sójú fèrèsé. Mùtíátù dìde, ó wò ó, ó tutọ́ sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì nu kọ́là arúgbó inú kàlẹ́ńdà náà kí ọkọ rẹ̀ tó pariwo.

"Èéfín sítóòfù mi ni," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọdún mẹ́fà ló fi ń gba èéfín náà."

Hàrúnà wolẹ̀. Mùtíátù tú gèlè, ó ká a sórí itan.

"Ẹ má dààmú, olówó orí mi. Lóṣù mẹ́ta sí i, ojú mi ṣì máa wà níbẹ̀."

Akínbíyìí sún mọ́ fèrèsé. Kàlẹ́ńdà ló ń wò. Kọ́là náà funfun báláú.