Awò Marlys àti Ẹ̀gùn Orí Igi Óákù

Ọ́ńkù Orrin ní Marlys fi ọfà bá àgbọ̀nrín méjì ṣeré lọ́dún tó kọjá, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn, àfi tí wọ́n bá kú ẹ̀rín. Nítorí náà, òun ò lè máa wo ẹ̀gùn, pẹpẹ tí ọdẹ ń jókòó lé, tí bàbá Marlys kàn mọ́ orí igi óákù kó tó kú, kí ẹni tí ò lè pa ẹran máa fi ṣe àga ìgbatẹ́gùn. Ilẹ̀ Ọ́ńkù Orrin ni igi náà wà, àṣẹ rẹ̀ sì ni àṣẹ. Ní Sátidé tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ ọfà, Marlys àti Lyle, ọmọ Ọ́ńkù Orrin, yóò gun ẹ̀gùn náà. Ọfà kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá sún mọ́ ọkàn jù lára àgbọ̀nrín onífóòmù, ère tí wọ́n fi ń kọ́ ọfà títa, ló ni ẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn lágbègbè wọn ní Wisconsin. Bí àsìkò ọdẹ bá dé, àlùfáà fúnra rẹ̀ a máa kánjú súre, torí aṣọ ọdẹ ti wà lábẹ́ ẹ̀wù funfun. Àwọn ará ìjọ gbà pé Ọlọ́run pàápàá ti wà nínú igbó láti ìdájí.

Marlys mọ ọfà ta. Ojú rẹ̀ ló ń parọ́ fún un. Bó bá ti wà lókè, ẹran tó wà nítòsí a máa jọ èyí tó wà lọ́nà jíjìn. Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù Àńtí Bev lọ, kó lè ra awò tí àwọn ọdẹ fi ń wọn bí ẹran ṣe jìnnà tó.

Lyle ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ti ra èyí tó tóbi jù.

"Ẹgbẹ̀rún yáàdì lèyí ń wọn!" ni Lyle wí.

"Ọfà ẹ ò kọjá ogójì," ni Àńtí Bev dá a lóhùn. "Ìyókù ńkọ́, ṣé lẹ́tà lo máa kọ sí ẹran náà ni?"

Marlys yí awò méjì tó kù wò títí. "Àńtí Bev, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gun òrùlé yín."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Orí igi ni mo ti ń tafà, Àńtí. Mi ò kì í ta á lórí káńtà."

Lyle bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo adìẹ tó fẹ́ lọ sùn sórí òrùlé!"

Àńtí Bev gbé àkàsọ̀ wá. Ó fi okùn ìwọ̀n wọn ilẹ̀ láti ìdí ògiri dé ibi agolo ìdọ̀tí: yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Marlys gòkè, ó fi awò méjèèjì wo agolo náà. Awò àkọ́kọ́ ní mẹ́tàdínlógún. Èkejì ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Èkejì ni mo fẹ́!" ló kígbe láti òkè.

"O gbọ́n," ni Àńtí Bev wí. "Iye ilẹ̀ tí ọfà bá kọjá lórí rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀, bó ti wù kí o ga tó. Awò àkọ́kọ́ wọn ìdagẹ̀rẹ̀ látòkè, èkejì wọn ilẹ̀ nìkan. Lyle, tìẹ náà lè ṣe é, àmọ́ bọ́tìnnì kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀. Ó wà nínú ìwé ẹ̀."

"Ta ló ń ka ìwé awò?" Lyle ti bá ọ̀nà lọ.

Nígbà tí Sátidé pé, Lyle ló kọ́kọ́ gun ẹ̀gùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni igi náà wà, àgbọ̀nrín onífóòmù sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá odò. Lyle ò tẹ bọ́tìnnì kankan; awò rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógójì. Ó ta á. Ọfà fò kọjá lórí ẹ̀yìn ẹran, ó bá inú odò lọ.

"Atẹ́gùn ni!"

"Atẹ́gùn wo?" ni Ọ́ńkù Orrin bi í. "Ewé kan ò mì. Sọ̀ kalẹ̀ jàre."

Ó kan Marlys. Awò rẹ̀ ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ní ogójì ni, ó tiẹ̀ fẹ́ búra. Bó bá tàsé, Lyle á máa mu bíà lórí pákó tí bàbá Marlys fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ojú ni àbí awò, èwo ni kó gbà gbọ́? Ó rántí pé ojú yìí ti jẹ́rìí èké lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àmì ìfojúsùn ara ọrun rẹ̀ sí méjìdínlọ́gbọ̀n, ó fà á, ó mí, ó tú ọfà sílẹ̀.

Pó!

Ọ́ńkù Orrin rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹran, ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú. Ó lóṣòó, ó fi ìka wọn ojú ọfà.

"Ìka mẹ́ta péré ló kù kó kan ọkàn," ló kígbe. "Ẹran yìí máa kú, àmọ́ ó máa kọ́kọ́ bú ẹ!"

"Ẹ̀gùn ńkọ́, Ọ́ńkù?"

"Tìẹ ni. Lyle, wọ odò lọ wá ọfà ẹ. Marlys, sọ̀ kalẹ̀, ká lọ jẹun."

Marlys ti fi ẹ̀yìn ti igi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ máa lọ, Ọ́ńkù," ló dáhùn. "Mo ti délé."