Ọwọ́ Òsì Mùstàfá

Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn ayàwòrán pọ̀ ní Ṣakí, èmi Ṣùkúrù á bi í pé, "Àwọn wo?" Èmi ni mo ya àṣá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ná Ìgbòho. Èmi ni mo ya onírúurú irun sí ara ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí. Nígbà tí àwọn onífíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìbàdàn nítorí àpáta àti pápá wa, èmi náà ni wọ́n ń pè kí n bá wọn sọ ògiri di ààfin. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì máa ń fi yangàn. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni Ayọ̀dèjì, olùdarí fíìmù kan, pè mí sí Àgọ́-Àmọ́dù. Kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ó mọ kámẹ́rà lò. Ilé gàgàrà kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti máa ń yan ewé tábà láyé ọjọ́un, nígbà tí tábà ṣì ń kọ́lé fún àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Dèjì ní ibẹ̀ ni ààfin máa wà nínú fíìmù òun.

Nígbà tí a wọlé, àwòrán ló kún ara ògiri. Èédú àti ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi yà wọ́n. Àwọn obìnrin jókòó, wọ́n ń so ewé mọ́ igi. Ọkùnrin kan ń koná. Ajá kan sùn sílẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé Mákánjúọlá tó ń ṣọ́ iná ibẹ̀ nígbà náà ló yà wọ́n kí oorun má bàa gbé e lọ, torí iná tábà kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru. Ó ti kú tipẹ́. Kí n má parọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Orí tóbi ju ara lọ, ẹsẹ̀ rí bí igi ìdáná. Mo ní, "Ta ló rán ẹni yìí níṣẹ́?"

Dèjì ní kí n kun gbogbo rẹ̀ pa, kí n wá ya ẹkùn, idà, àti ọba lórí ẹṣin sí i. "Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù, bí àwọn èèyàn ṣe mọ ààfin sí nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Inú fíìmù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, inú fíìmù lèmi náà ti mọ̀ ọ́n. Ààfin Àgọ́-Àmọ́dù fúnra rẹ̀ kò jìnnà síbi tí a dúró sí, àwa méjèèjì ò sì ronú pé ká lọ wò ó.

Mo ti kun ìdajì ògiri lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà tí ìyá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Mùstàfá ni wọ́n ń pè é. Kò tilẹ̀ wo ẹkùn mi. Ó gba igun kan lọ, níbi tí wọ́n ya ọmọdékùnrin kékeré kan sí, tó ń na ewé tábà kan sí èèyàn. Ó gbá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kó tó yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé o máa pa èyí náà rẹ́ ni?"

"Ìyá, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí ni."

Àfi bí ìyá arúgbó ṣe kúnlẹ̀. Mo figbe ta. "Ẹ dìde, Ìyá! Ẹ má pa mí!"

"Mùstàfá ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kú. Bàbá rẹ̀ ò jẹ́ ká ya fọ́tò, ó ní àwòrán èèyàn ò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Èyí tí Mákánjúọlá yà yìí nìkan ló kù fún mi láyé."

Mo fi Ọlọ́run búra fún un pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Dèjì kùn sí mi, ó ní igun náà máa hàn nínú fíìmù. Mo ní bó bá hàn, kó hàn. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Ká ní mo fi mọ síbẹ̀ ni!

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní Ọjọ́rú, iṣẹ́ ti parí, ọ̀dà sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Mo ń wo ọmọ náà láàárín ẹkùn àti ẹṣin mi tó ń dán yinrin, àánú rẹ̀ wá ṣe mí. Mo ní ohun tó dáa ju báyìí lọ tọ́ sí ìyá arúgbó yẹn. Ni mo bá mú bùrọ́ọ̀ṣì. Mo tún orí ọmọ ṣe, mo fún un lójú ńláńlá bíi tàwọn òṣèré ara pátákó fíìmù, mo wọ dàńṣíkí fún un. Nígbà tí mo dé ọwọ́ rẹ̀, mo tún fi Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì lọmọ náà fi ń na ewé! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ wo ló ń fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan? Mo pa á rẹ́, mo gbé ewé sí ọwọ́ ọ̀tún. Fóònù wà lápò mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé kí n ya ti tẹ́lẹ̀ pamọ́.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo dúró dè é. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó tẹjú mọ́ ògiri.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Mùstàfá ni, Ìyá. Mo bá yín tún un ṣe ni."

Ó sún mọ́ ọn, ó fìka kan ọ̀dà náà. "Ọwọ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ti wà ní ọ̀tún báyìí. Ẹni tó yà á tẹ́lẹ̀ ló ṣì í yà."

"Kò ṣì í yà."

Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọlọ́wọ́ òsì ni Mùstàfá. Òun ló ń na ewé sáwọn ìyá tó ń so ó, òsì ló sì fi ń na án sí wọn, ojú a sì máa ti òun ìyá rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́.

"Mo nà án. Orógùn ni mo fi ń gbá ọwọ́ yẹn. Nígbà tí kò jáwọ́, mo fi okùn tábà dè é mọ́ ọn lára. Mákánjúọlá ní, 'Ìyá Mùstàfá, ẹ fọmọ yìí sílẹ̀, ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́.' Mi ò gbọ́. Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé; nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, a ti sin ín. Ojú okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo bá a wí. Mi ò ráyè fà á mọ́ra."

Ó fi ìborùn nu imú rẹ̀. "Lẹ́yìn tí a sin ín ni Mákánjúọlá yà á síbẹ̀ yẹn, tó tú ọwọ́ náà sílẹ̀ fún un. Gbogbo Jímọ̀ ni mo fi ń wá bẹ ọwọ́ yẹn." Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ náà wá gbá a."

Yéè! Mo sáré rẹ akísà sínú kẹrosíìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ògiri. Bí ọ̀dà ṣe ń kúrò ni èédú ń bá a lọ. Nígbà tí mo fi máa dáwọ́ dúró, amọ̀ lásán ló kù níwájú mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn lóòótọ́. Ìyá Mùstàfá mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò padà wá síbẹ̀ mọ́.

Fíìmù náà jáde. Wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Ṣakí, àwọn èèyàn ń pariwo pé, "Ẹ wo ààfin àtijọ́!" Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbá mi léjìká pé mo kú iṣẹ́. N ò lè wò ó dé ìdajì tí mo fi bọ́ síta.

Oṣù tó kọjá ni mo tó ráyà lọ bá Ìyá Mùstàfá nílé. Mo ti fi èédú ya ọmọ náà sórí pátákó kan, láìsí dàńṣíkí, tó fi ọwọ́ òsì na ewé. Ìgbà mẹ́tàlá ni mo yà á kí n tó gbé e jáde nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ọwọ́ náà nìyí," ló wí. "Ojú yìí kì í ṣe tirẹ̀."

"Mi ò rántí ojú rẹ̀, Ìyá. Ẹ̀rín ni mo fi í rín, mi ò wò ó."

Ó gbé pátákó náà lé ẹsẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tí mo yà, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló hàn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.