Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àwọn Ẹni Mímọ́

Ọmọbìnrin tí ìjọba rán wá láti Padova pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ wa nípa òkè ayọnáyèéfín gbé òkè kan dání. Amọ̀ ló fi mọ ọ́n. Ó da sódà sí i lẹ́nu, ó da ọtí kíkan lé e, òkè amọ̀ náà yọ ìfófó pupa, ọmọbìnrin náà sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ́kànlá tí mò ń kọ́ ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Òkè Etna gan-an wà lójú fèrèsé, ó ń rú èéfín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, olúkúlùkù wọn ti gbá eérú dúdú rẹ̀ kúrò lórí òrùlé bàbá rẹ̀ kó tó wá sílé ìwé.

Ludovica ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ mẹ́ta ló fẹ́ lò. Èmi Venera, tí mo ti ń kọ́ni níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, jókòó sẹ́yìn, mò ń yínmú. Ó dà bí ẹni tó ń ru omi lọ tà létí odò.

Ọjọ́ kejì ló kan ìmìtìtì ilẹ̀. Ó bi àwọn ọmọ pé ilé ta ni ògiri rẹ̀ sán. Olúkúlùkù wọn tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn dáadáa nílé. Ilẹ̀ abúlé wa kì í sinmi, kò sì sí ilé tí ògiri rẹ̀ kò sán, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Àwòrán ẹni mímọ́ la máa ń gbé kọ́ síbẹ̀. Ibi tó bá sán díẹ̀, a ra kékeré. Ibi tó bá sán gan-an, a ra ńlá. A ó tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, a ó ní ó parí. Bí ẹ bá wọ ilé kan tí ẹ rí ẹni mímọ́ mẹ́fà ní pálọ̀, ẹ má rò pé onílé fẹ́ràn Ọlọ́run. Ẹ tètè jáde.

Àwòrán kan ti já lulẹ̀ nílé tí Ludovica wọ̀ sí, ó sì ti rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ sílé, kí wọ́n ṣí gbogbo àwòrán, kí wọ́n fi ìka díwọ̀n bí ibi tó sán ṣe fẹ̀ tó.

Wọ́n sì lọ. Agatina, ọmọ oníbúrẹ́dì, ka tirẹ̀ sókè lọ́jọ́ kẹta: Àgátà Mímọ́, ìka mẹ́rin, Álífíò Mímọ́, ìka méjì, bàbá àgbà wọn, tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹni mímọ́, ìka márùn-ún.

Abúlé gbóná. Ilé tí ayé bá ti mọ̀ pé ó sán, ta ni yóò rà á? Don Cirino, ọ̀gá ilé ìwé wa, já wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ló wí fún àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin lẹ tú àṣírí ilé bàbá yín fún àlejò. Kò sí ògiri tó sán nílé ìwé tèmi o. Àbí ó wà, Venera?"

Àwòrán Àgátà Mímọ́ kan tó tóbi ju gbogbo ti abúlé lọ wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì mi. Èmi ni mo gbé e kọ́ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ bá gbọ́, wọn yóò ti ilé ìwé kan ṣoṣo tí a ní pa, àwọn ọmọ yóò máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ìsàlẹ̀, wọn yóò sì gbé èmi lọ síbi tó bá wù wọ́n. Don Cirino mọ̀, èmi náà mọ̀.

"Kò sí, ọ̀gá," ni mo wí.

Ludovica béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá òun lè bá mi ṣí i wò. Mo ní ó wúwo, mo ní eruku pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó òkè amọ̀ rẹ̀ sínú páálí, ó wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán lọ. Don Cirino ra kọfí fún mi, mo mu ún, a sì jọ fi ọmọbìnrin Padova náà ṣẹ̀sín títí kọfí fi tán.

Nígbà tí mo wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ti gbé gbogbo tábìlì wọn lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n há mọ́ra, ẹni mẹ́ta lórí àga ẹni méjì. Tèmi nìkan ló kù lábẹ́ ògiri. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Agatina ló dìde.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ló wí. "A ti fi àyè sílẹ̀ fún yín níbí. A lè bá yín gbé tábìlì yín wá."

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Àwọn tí mo purọ́ fún ló ń wá àyè fún mi. Mo gun àga, mo gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀. Agatina kò dúró kí n sọ fún un, ó ti ọwọ́ bọ ibi tó sán lára ògiri, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Tíṣà?"

"Mo mọ̀."

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn bí wọ́n bú mi. Mo ní kí wọ́n kó ìwé wọn bọ́ síta, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Kí Don Cirino tó dé, mo ti dúró lágbàlá, mo pe ẹnjiníà lórí fóònù, mo sọ orúkọ mi fún un, mo sì sọ iye ọdún tí mo fi pa ògiri tó sán náà mọ́.