Ihò Inú Ọkàn Jẹ́jẹ́

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí ìrìn rẹ̀. Kì í sáré, kì í fò, kì í sì í gun àtẹ̀gùn láìdúró láàárín. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń ta gìjàgìjà kiri a máa nawọ́ sí i pé ẹ wo ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Orí ìyá rẹ̀ a sì máa wú. Òun nìkan ni obìnrin náà bí, lẹ́yìn tó ti wojú Olúwa títí.

Bẹ́kírì ni ìyá yìí ní, yàrá gbọọrọ kan tí èéfín ti pa ògiri rẹ̀ dúdú lápá ibi tí ààrò wà, tí ìyẹ̀fun sì ti kùn ún ní funfun lápá kejì. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Jẹ́jẹ́ ló ń gé e, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń tò ó sínú agolo, àmọ́ ìjókòó ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣú bí ẹni tó fi ẹnu kan tàdáwà, orí ìka rẹ̀ sì wú róbótó. Ìyá rẹ̀ rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Nígbà tó di ọmọge, ó dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti gbé agolo kan, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bàbá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé ọsibítù.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó ní ọkàn ò jù báyìí lọ. Apá ọ̀tún ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ káàkiri ara bọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti rẹ̀, tó ti ṣú. Á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba afẹ́fẹ́ tí èèyàn mí sínú. Bó bá ti gbà á tán, á pọ́n fòò, á gba apá òsì wọlé padà. Apá òsì yìí ló lágbára jù, òun ló ń fi ipá rán ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, sí ọwọ́, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín kí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì má baà pò pọ̀.

“Ihò wà lára ògiri ti ọmọ yín, mà. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni.”

Ìyá ní kí wọ́n bá òun dí i. Dókítà mi orí. Ó ní láti kékeré ni apá òsì ti ń gba ojú ihò náà da ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀dọ̀fóró, títí òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ fi le gan. Ní báyìí tí ọ̀nà ibẹ̀ ti há, ojú ihò náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣíṣú ń gbà sá wọ ara, láìfi ojú kan afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá dí i, ọkàn ò ní ríbi mí sí, á sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọn ì bá ti dí i.

Ìyá ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní lóòótọ́ ni ọmọ náà máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ọmú, tí òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, àmọ́ nígbà tó ń rìn káàkiri ilé, mímí náà dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, àwọn sì dúpẹ́. Dókítà wolẹ̀. Ó ní àsìkò yẹn gan-an ni òpó ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn ń le.

Káfíńtà náà ń wolẹ̀. Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi.”

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Ọkùnrin náà wá ṣàlàyé pé nígbà tí ìyàwó òun lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, òun ló gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Dókítà kan gbọ́ ariwo láyà rẹ̀, ó sì ní kí òun tètè gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ.

“Àbúrò mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ,” ló wí. “O rí bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Ẹ̀rù bà mí, mi ò gbé ọmọ padà lọ. Nígbà tó yá, kò mí hẹlẹ mọ́, mo gbà pé ó ti jinná.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, obìnrin yìí ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo “ẹ” rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, “O mọ̀. O mọ̀, o sì ń gbọ́ tí mo ń yin ọmọ yìí fún gbogbo ayé pé ó mọ ìrìn rìn.”

 Jẹ́jẹ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé òun á lè bímọ? Dókítà ní oyún á gba ẹ̀mí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà ti tú.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ, ó sì yan ọkọ rẹ̀ lódì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wá bẹ̀ ẹ́, ó ní ìfẹ́ ọmọ ló kó ìbẹ̀rù bá àbúrò òun. Obìnrin náà dá a lóhùn pé ẹni tó bá bẹ̀rù iná ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀ sínú ilé tó ń jó. Àmọ́ èyí tó korò ju jogbo lọ́fun rẹ̀ ni pé Jẹ́jẹ́ ò bá bàbá rẹ̀ jà. Wọ́n ṣì jọ ń jẹun, wọ́n ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé òun nìkan ni wọ́n ṣẹ̀.

Bí tọkọtaya bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rán. Sọ fún bàbá ẹ pé ìlẹ̀kùn ti yẹ̀. Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti gbọ́. Láti bẹ́kírì dé ẹ̀yìnkùlé tí bàbá ti ń fági, a lọ, a bọ̀. Lọ́sàn-án kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mọ́mì, èémí tí mo ní ò pọ̀,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Mi ò lè máa fi í ru ọ̀rọ̀ yín kiri. Tí mo bá lọ tán, ta ni ẹ óò rán?”

Ìyá rẹ̀ ò sunkún. Ó fọ ọwọ́, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ gbé ìfági sílẹ̀, ó sì dìde. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà ti ń tò sínú láti oṣù mélòó kan wá ò ṣeé sọ mọ́. Ó ní kó kan àga kan tó ga fún ọmọ náà, tó máa ní ìfẹ̀yìntì, kí apá rẹ̀ lè ká tábìlì. Ọkọ rẹ̀ ní òun ti gbọ́.

Obìnrin náà ò dárí jì í. Ó mọ̀ pé òun ò ní dárí jì í. Ọdún díẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ fi jókòó lórí àga náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, ọ̀rọ̀ pákó, ọ̀rọ̀ òjò. Wọn ò dárúkọ ọmọ náà sétí ara wọn rí.