Ìgò Kan Nínú Báàgì Ìyá Ìjọ

“Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i o,” ni Ìyá Ìjọ wí, ó sì tún bojú wẹ̀yìn. “Bernice, mo bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ta ló máa mọ̀? Ẹni bá rí i lọ́wọ́ yín á rò pé mílíìkì sóyà ni.”

Ìyá Ìjọ gba ìgò oníke náà, ó jù ú sínú báàgì dúdú ńlá tó fi kọ́ apá, ó sì fa síìpù rẹ̀ pa. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bẹ́ẹ̀dì kan ni n ó kọ́kọ́ fi dán wò. Bí ìdun ibẹ̀ bá kú, yàrá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lo máa wá fín fún mi. N ó sì bá ọ sọ ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa, àwọn ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ ò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ilé àlejò mi ní ìdun, èmi pẹ̀lú rẹ nìyẹn o!”

“Kò ní ti ẹnu mi jáde, Màmá.”

Bí obìnrin náà ti yí ẹ̀yìn padà ni Bernice fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti dúró sábẹ́ kánópì kékeré kan níbi ìpàtẹ ọjà tí wọ́n ṣe sójú títì n’Ílá, oníbàárà kankan ò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú Ìyá Ìjọ. Èrò pọ̀ bí omi. Wọ́n wọkọ̀ láti Òkè-Ìlá, wọ́n gun ọ̀kadà láti Ọ̀rà àti Ire. Onígbàjámọ̀ ń gẹrun fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ò ráyè mumi, àní ẹni tó ń fọ ẹní rí èèyàn mẹ́wàá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni bá ti ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tí Bernice ta sókè, BERNICE APAKÒKÒRÒ: ÌDUN, AÁYÁN, IKÁN, á rẹ́rìn-ín, á sì yára ẹsẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró níwájú apa-ìdun lọ́sàn-án gangan kí aládùúgbò máa nàka sí i? Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sún mọ́ ọn, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan n’Íbàdàn ló rán òun wá bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ń họra bó ti ń sọ̀rọ̀. Kí ó tó gbọ́ èsì, ó rí ará ìjọ rẹ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán, ló bá sá lọ.

Bernice ti mọ̀ pé ìtìjú yìí máa dá òun dúró. Ìdí nìyẹn tó fi gba ìgò òfìfo méjìlá lọ́wọ́ Sàrátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń ta mílíìkì sóyà. Ó po oògùn náà mọ́ omi, ó funfun báláú, ó sì rọ ọ́ síbẹ̀ láìlẹ ìwé kankan mọ́ ọn lára, kí ẹni tó bá gbà á lè gbé e kọjá láàárín ọjà láìfòyà. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ rọ oògùn sínú ìgò ohun mímu láéláé. Ó gbọ́ ọ. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́rin tó ti fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ilé mẹ́ta péré ló tíì fín, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lọ déédéé a máa gba ọgbọ́n lórí èèyàn.

Kò pẹ́ ni Sàrátù dé pẹ̀lú abọ́ òfìfo lórí.

“Ó ti tán o!” ló ké. “Bernice, gbọ́ ná, ìpàtẹ yìí dára. Ìyá Ìjọ nìkan ra mẹ́ta. Màmá wọn tó wá láti Òkè-Ìlá, Màmá Ọ̀ṣuntóyìn, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Èmi gan-an ni mo bá wọn kó o sínú báàgì.”

“Báàgì wo?” ni Bernice bi í.

“Dúdú ńlá yẹn. Mo tiẹ̀ bá ọ̀kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní ìwọ lo bá mi tà á.” Sàrátù wò ó. “Kí ló dé? Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Sàrátù, mo gbé. Oògùn ni.”

Ó fa fóònù yọ, ó pe Ìyá Ìjọ. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ta ló máa gbọ́ fóònù nínú ariwo yẹn? Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ti ń sáré bó ti ń pè é. Ó fi èjìká ta èèyàn, wọ́n ń bú u, kò dúró. Nígbà tó dé àárín, ó bá okùn tí wọ́n ta yí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jó ká, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dúró tì í. Ní òdìkejì, lábẹ́ kánópì àwọn èèyàn pàtàkì, ló ti rí gèlè funfun Ìyá Ìjọ. Ìyá rẹ̀ arúgbó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgò kan ti ṣófo nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ arúgbó náà.

Ọlálérè tó ń darí ètò wà nítòsí pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́. Bernice dì í lápá mú. “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ bá mi pe Ìyá Ìjọ. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ kíá.”

“Ìyá Ìjọ wa, Màmá Hadassah Adétúnbọ̀!” Ọlálérè ò mọ nǹkan kan, ó fi ìyìn kún un. “Ìyá rere! Wọ́n ń bèèrè yín níbí o!”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìjọ rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni, ó ju áńkáṣíìfù sókè, kò sì dìde. Ó fa síìpù báàgì rẹ̀, ó mú ìgò mìíràn jáde láìrántí èyí tó gbà lọ́wọ́ Bernice, ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Bernice mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé yàrá mẹ́sàn-án ń lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, ẹni tó ṣèlérí fún ò sì ní dárí ji òun. Ó já gbohùngbohùn náà gbà lọ́wọ́ Ọlálérè.

“Màmá, ẹ má mu ún! Ìyá Ìjọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn! Ìgò tí mo fún yín wà níbẹ̀, oògùn ìdun ni!”

Àwọn ọmọ tó ń jó dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn sì wí pé, “Ìdun kẹ̀? Ilé àlejò tí àwọn àna wa sùn lánàá?”

Bernice bẹ́ gba orí okùn kọjá, Sàrátù tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn, Ìyá Ìjọ ti gba ìgò náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dìde dúró, ojú rẹ̀ sì le koko.

“Oògùn wo?” ló bi í, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. “Ìgbà wo ni mo gba oògùn lọ́wọ́ rẹ? Èmi ni mo jọ ẹni tí ìdun ń bá gbélé? Mílíìkì sóyà ni mo rà! Ẹ wò ó!”

Ó ṣí ìgò náà. Ó gbé e dé ẹnu.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Òórùn oògùn náà ti kàn án nímú; Bernice rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ, àwọn ìjòyè, àwọn tó ń sùn nílé rẹ̀, bí ó bá sì gbé ìgò yẹn sílẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bernice ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, kò rò pé òun á rí ẹni tó fẹ́ ṣe é níwájú òun lọ́sàn-án gangan. Ìgò náà tún sún mọ́ ètè díẹ̀.

Bernice dojúbolẹ̀ lórí eékún.

“Màmá, ẹ forí jì mí! Mo ṣì í sọ ni. Ẹ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé ìgò oògùn mi ẹyọ kan sáàárín ọjà Sàrátù, òun ló bá ti yín lọ. Ẹ̀bi tèmi ni, àìbìkítà mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi.”

Sàrátù la ẹnu. Bernice wò ó, ó sì pa á dé.

Ìyá Ìjọ mí kanlẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ o!” ló ké. “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀! Ọmọ yìí ì bá pa ìyá mi lónìí!”

“Olúwa ló yọ yín, Màmá.”

“Irú èyí ló fẹ́ wọ yàrá ẹlẹ́ni pẹ̀lú májèlé lọ́wọ́? Ẹ lé e kúrò níbí!”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ já aṣọ tí Bernice ta sókè kalẹ̀. Màmá Ọ̀ṣuntóyìn ò mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ó ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi gba mílíìkì lọ́wọ́ òun.

Bernice ò dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń dúró. Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì tutù. Bernice gbé e sókè wò nínú oòrùn. Ó ṣì kún dé ọrùn. Ó dé e le, ó sì dì í mọ́ àyà.